Mo Ń Wò Ó

Mọ́ńdè, 3 oṣù kẹfà

A ti kó dé. Òjò pa bẹ́ẹ̀dì wa lórí ọkọ̀, ó pa àpò aṣọ Jòjòló ọmọ wa, ṣùgbọ́n kò pa ọkọ mi lẹ́nu mọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń ka oore yàrá yìí fún mi: iná wà, omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé, àgbàlá fẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí kò tètè sọ ni pé ògiri tí a fẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì sí, ògiri ilé ejò ni.

Mo ní, "Ẹ̀yìn ògiri yìí gan-an?"

Ó ní, "Wọn kì í pariwo. Aládùúgbò tí kì í pariwo, níbo lo ti tún fẹ́ rí irú ẹ̀?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo wọ́ bẹ́ẹ̀dì sí àárín yàrá gbùngbùn. Ibẹ̀ la sùn sí, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Wẹ́sìdeè, 5

Mi ò rí oorun sùn. Ọkọ mi sùn bí òkúta.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ dára. Oró tó ń gbà lẹ́nu wọn ni wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ fún ẹni tí ejò bá bù ṣán, abẹ́rẹ́ ọ̀hún sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń fi ọwọ́ bọ ihò gbogbo tó bá rí.

Mo ti jẹ́ kó yé ọkọ mi. Tí òjò ọdún yìí bá dáwọ́ dúró tí àyà mi ṣì ń já, èmi àti Jòjòló á padà sọ́dọ̀ Màmá mi, òun á máa wá wò wá lóṣooṣù. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kò sí wàhálà. Ó wá tún bàtà ọmọ so, bàtà tí kò tú.

Sátidé, 8

Mo lu bẹ́líìtì ọkọ mi pa. Ó nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi ìgbálẹ̀ lù ú títí irin orí ẹ̀ fi já. Ọkọ mi gbé òkú ẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Ó ti kú. Kí ni mo wá fẹ́ fi de ṣòkòtò báyìí?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tá a ti dé. Okùn ló fi de ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́.

Ọṣẹ ti wọ́n sí i. Mílíìkì náà ti wọ́n. Òjò ò dá rárá.

Tọ́sìdeè, 13

Alàgbà ṣubú. Bàbá tó ti wà nílé ejò yìí kí wọ́n tó gba ọkọ mi síṣẹ́, tí ejò kankan ò bù ṣán rí, ọṣẹ ló gbé e ṣubú nínú báluwẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ dá. Wọ́n ti fi nǹkan funfun líle dì í dé orúnkún. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń bú ọṣẹ.

Ọ̀gá obìnrin wakọ̀ dé lọ́sàn-án. Òun ló ni àṣẹ ilé ejò, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í jókòó. Ó wo ẹsẹ̀ Alàgbà, ó wo ọkọ mi, ó wá wo èmi.

Ó ní, "Ìyá Jòjòló, ṣé ojú ẹ ríran dáadáa?"

Mo ní, "Ó ríran, mà."

Ó ní, "Máa bá wa dáhùn títí ẹsẹ̀ bàbá yìí á fi san."

Gbogbo wa ló mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá ṣí àpótí ejò níbí. Ẹni tó fẹ́ ṣí i á pe orúkọ ejò náà sókè. Ẹnìkejì tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì á wá orí ejò náà títí á fi rí i, á wá ní, "Mo ń wò ó." Ìgbà yẹn ni ọmọríi àpótí tó lè kúrò. Alàgbà ló ń dáhùn tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rù wọn ń bà mí gan-an ni."

Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni mo ń wá. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà, fóònù ló máa máa wò."

Mo fẹ́ kọ̀ jàre. Mo wá rí i pé tí mo bá kọ̀, ọkọ mi lè dá ṣí i lọ́jọ́ kan tó bá ń kánjú. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mo gbà.

Túsìdeè, 18

Alàgbà ń tọ́jú Jòjòló ní yàrá wa. Ọmọ ti rí ẹsẹ̀ funfun tó lè máa fi bírò kọ nǹkan sí.

Èmi jókòó sórí àga lẹ́yìn gíláàsì. Ọkọ mi dúró sídìí àpótí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi awò bo ojú, ó mú igi tí wọ́n fi irin títẹ̀ sí lórí. Ó pè é: "Paramọ́lẹ̀."

Mo wò títí. Ewé gbígbẹ nìkan ni mo rí. Ó tún pè é.

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀. Ó ti jáde." Mo ti dìde, mo ti fẹ́ sá.

Ó ní, "Jókòó. Wo ewé yẹn dáadáa."

Ewé náà ní ojú.

Ó sanra bí apá Alàgbà, kò sì gùn. Àwọ̀ ẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀, ẹyọ kan ni. Ọkọ mi ní ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀: kì í sá fún èèyàn bíi tàwọn yòókù, ibi tó bá dùbúlẹ̀ sí ló máa wà títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́. Ẹran ara ni oró tiẹ̀ ń bàjẹ́. Tínú bá bí i, á máa fọn bíi táyà tó ń jò.

"Mo ń wò ó." Ohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́.

Ọkọ mi ṣí i.

Mọ́ńdè, 24

Mo ti rí ọká. Ẹ̀gbọ́n paramọ́lẹ̀ ni mo pè é. Ó fẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ dà bíi kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi owó gidi rà, ó sì ní ìwo kékeré méjì lórí imú. Eyín ẹ̀ gùn ju ti ejò èyíkéyìí lọ, ṣùgbọ́n ó ya ọ̀lẹ. Tí wọ́n bá gbé e, á kàn máa wò ẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán.

Ti orí igi ò ní sùúrù. Tínínrín, aláwọ̀ ewé, ojú rogodo. Kó o tó wo orí ẹ̀ níbí, ó ti dé ọ̀hún. Ṣe ni oró tiẹ̀ ń dá èémí dúró. Òun ló ń jẹ́ kí ọrùn ro mí lálẹ́.

Mo sọ fún Alàgbà pé ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń gba oró. Ó kàn di orí ejò mú, ejò á gé ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo ẹnu kọ́ọ̀pù jẹ, oró á sì máa kán sílẹ̀ bí òróró.

Alàgbà ní, "Ìgbà yẹn nìkan ni kì í sọ̀rọ̀. Gbádùn ẹ̀."

Sọ́ńdè, 30

Mo ṣí fíríìsà pé mo fẹ́ mú yìnyín. Eku ló kún inú ẹ̀, wọ́n tò bí ìwé. Fíríìsà oúnjẹ ejò ni. Tiwa ni èyí tó wà lápá òsì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ọkọ mi ní, "O ò pariwo tó ti tẹ́lẹ̀." Òótọ́ ni, mi ò pariwo tó ti tẹ́lẹ̀.

Fúráìdeè, 5 oṣù keje

Òjò ti rí ihò lórí páànù. Àárín yàrá gbùngbùn ló ń jò sí. A ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, a gbé abọ́ síbẹ̀. Jòjòló ń fi ọwọ́ gba omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ yẹn, mi ò mọ ibi tó ti rí i.

Lónìí mo wo ṣèbé pẹ́. Dúdú ni, ó gùn, ara ẹ̀ ń dán bíi bàtà tí wọ́n kun. Tí wọ́n bá dí i lọ́nà, á gbé ìdajì ara ẹ̀ dìde, á tẹ́ ọrùn bí ìpọnkọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Ó lè tu oró láti ọ̀ọ́kán, ojú èèyàn gan-an ló máa ń fojú sùn. Gíláàsì iwájú mi kún fún itọ́ ẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ojo ni. Tó bá rí ibi tó ṣókùnkùn, kò ní wo ẹ̀yìn wò. Ìgbà tí ò bá ríbi sá sí ló ń tutọ́."

Mo ní, "Irú èmi nìyẹn."

Ó ní, "Ìwọ ò tíì tutọ́ sí mi lójú."

Mo ní, "Má tíì yọ̀."

Èyí tó kéré jù ni ọkọ mi ò gbà kí n fojú fo. Kò tó ìka méjì ní sísanra, dúdú, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Aláìlọ́rùn là ń pè é. Àwọn tó kù, wọ́n ṣe é dì mú lẹ́yìn orí. Aláìlọ́rùn kò ṣe é dì mú, torí eyín ẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìla ẹnu. Ike ni wọ́n fi ń gbé e.

Fúráìdeè, 12

Paramọ́lẹ̀ kọ eku. Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Fúráìdeè, 19

Kò tíì jẹun síbẹ̀, inú ẹ̀ sì ń tóbi. Mo sọ fún wọn pé ejò yìí ń ṣàìsàn o. Ọkọ mi àti Alàgbà wo ara wọn.

Alàgbà ní, "Oyún ni."

Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní àwọn ò sọ kí n má bàa kẹ́rù. Ṣèbé ń yé ẹyin, ti orí igi náà ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ àti ọká, ọmọ ààyè ni wọ́n ń bí. Mo padà lọ wò ó. Ó dùbúlẹ̀ bí mo ṣe dùbúlẹ̀ nígbà oyún Jòjòló, tí gbogbo nǹkan ń rí mi lára. Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn ẹ̀ o. Mo kàn ní kí wọ́n pààrọ̀ omi ẹ̀.

Nínú ilé, a ti sọ ìpè yẹn di eré. Ọkọ mi á wà nínú báluwẹ̀, á pariwo, "Ṣèbé," èmi níbi tí mo ti ń se oúnjẹ á ní, "Mo ń wò ó." Jòjòló náà á ní, "Ò-ó." A máa rẹ́rìn-ín títí. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ yìí, mo dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Fúráìdeè, 26

Àná ni, mi ò lè kọ ọ́ lánàá.

Ojú ọjọ́ ti ṣú. Mo wà lórí àga mi, mo rántí pé aṣọ Jòjòló wà lórí okùn, gbogbo ẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọkọ mi kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń nu àpótí tó ṣófo. Mo ní lọ́kàn mi pé ká tó ṣẹ́jú mo ti dé. Mo wà nídìí okùn, ẹnu mi kún fún igi tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn, mo gbọ́ tó pè é láti ojú fèrèsé: "Ṣèbé."

Mo tu igi ẹnu mi dànù, mo ní, "Mo ń wò ó."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo sáré.

Ó ti ṣí i. Ooru ti bo awò ojú ẹ̀, ó sì gbé e sókè pé kóun nù ún, torí ó gbà pé ojú mi wà lára ejò. Ejò ti gun etí àpótí. Ó tu oró sí i lójú méjèèjì.

Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ṣèbé ti wà nílẹ̀, ó gbé ara sókè, ọkọ mi fara ti ògiri, ó fọwọ́ bojú. Ó ní, "Má wọlé o. Má wọlé."

Mo wọlé. Awò Alàgbà wà lára ìṣó, mo fi bojú. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti wo ejò yìí láti ọjọ́ tó pẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń wá. Mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú ńlá tí wọ́n fi ń gbé e, mo dá a dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, mo ju àpò bò ó kí inú ẹ̀ lè ṣókùnkùn, mo wá kúrò lọ́nà. Mo ní kí ọkọ mi má mira.

Ṣèbé yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó sọ ara sílẹ̀. Ó wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ti ọjà dé. Mo fi ìgbálẹ̀ gígùn ti ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri, mo ti àga onírin tì í lẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni mo fa ọkọ mi lọ sídìí ẹ̀rọ, mo ń da omi sí i lójú, mo ń dà á, mo ń sunkún. Alàgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ kan, ó gbé Jòjòló, ó ń pe Ọ̀gá lórí fóònù.

Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é. Mi ò sí lórí àga."

Ọkọ mi, tí omi ń ṣàn ní gbogbo irun ẹ̀, ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ di eré. Tún omi dà. Ó ta gan-an."

Mọ́ńdè, 29

Dókítà ojú ní omi tí a tètè dà sí i ló gbà á. Ọkọ mi ti ń rí mi. Ó kọ́kọ́ ní òjìji kan ló ń rí tó ní orí bí ìkòkò, mo mọ̀ pé ara ẹ̀ ti ń yá.

Ọ̀gá wá. Mo ti di ẹrù mi kalẹ̀ pé ó máa lé mi. Ó bá mi wí dáadáa, bó ṣe yẹ. Ó wá lọ wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo ìgbálẹ̀, ó wo àga. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ ní kí n máa wò, mà. Mo wò ni."

Ó ní kí n tú ẹrù mi.

Òfin tuntun dé: ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni níta ilé ejò. Nínú báluwẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọkọ mi gbàgbé, ó pè é. Mo ní, "Kò sẹ́nìkankan nílé."

Sọ́ńdè, 4 oṣù kẹjọ

Òjò ti ń dín kù. Màmá pè, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé wá kó èmi àti ọmọ, ṣebí mo ti sọ fún òun. Mo ti sọ fún un lóòótọ́, lóṣù kẹfà. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mo ní, "Ẹ wá, mà."

Ọkọ mi gbọ́. Kò dápàárá kankan. Ó lọ dí ihò páànù, lẹ́yìn tí òjò ti fẹ́ parí.

Sátidé, 10

Màmá dé pẹ̀lú báàgì ńlá kan tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀. Ẹrù wa ló fẹ́ kó sínú ẹ̀. Ó kí ọkọ mi, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Jòjòló náà dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Màmá wo yàrá yíká. Ó ní, "Àwọn ejò ọ̀hún dà?"

Mo na ìka sí ògiri.

Ó ní, "Ògiri tí bẹ́ẹ̀dì yín tì yìí?"

Mo wò ó. Mi ò lè sọ ọjọ́ tó débẹ̀. Òjò ń jò, à ń tì í díẹ̀díẹ̀, ó ti kan ògiri pátápátá, orí mi gan-an ló sì wà lápá ibẹ̀. Ọkọ mi náà ń wò ó. Ẹnu yà á ju ti Màmá lọ.

Mọ́ńdè, 12

Paramọ́lẹ̀ ti bímọ. Alàgbà ló kọ́kọ́ rí i, ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ kiri àgbàlá bí ọmọdé. Wọ́n ń jáde nínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń já a, wọ́n kéré bíi pẹ́ńsù, oró sì ti wà lẹ́nu wọn látọjọ́ tí wọ́n délé ayé. Ọ̀kan nínú wọn fọn sí ọkọ mi. Fíìn, bí ẹ̀fọn.

Màmá ní kò sóhun tó kàn òun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àga lọ sẹ́yìn gíláàsì, kò sì dìde títí oúnjẹ fi tutù.

Ó ní, "Gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló bí wọn? Kò ní màmá tó máa bá a wẹ̀ wọ́n?"

Túsìdeè, 13

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Òjò ti lọ.

A ní láti kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ọkọ mi wọ ìbọ̀wọ́, ó mú igi onírin, ó dé ìdí àpótí, ó dúró. Ó wá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó nà án àti igi sí mi.

Ó ní, "Lónìí, ìwọ lò ń pè."

Màmá wà nítòsí, mo fi ọ̀wọ̀ pè é ní ẹ̀yin. Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó ní, "Àga ẹ ṣófo. Mo máa jókòó."

Alàgbà gbé Jòjòló sọ́rùn ní ìta, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san. Ó ti sọ fún Ọ̀gá pé ọmọ yìí ló kù tóun fẹ́ máa ṣọ́, kó jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Màmá gbé báàgì ẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ó ti kó àwọn aṣọ Jòjòló tí kò gba ọmọ náà mọ́ sínú ẹ̀, ó ní òun máa fún ọmọ àbúrò mi. Ìyẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo bo ojú. Àyà mi ń já, mi ò purọ́ fún ìwé yìí rí. Mo di igi mú, mo gbọ́wọ́ lé ọmọríi àpótí.

Mo pè é, "Paramọ́lẹ̀."

Ọkọ mi ń wá orí ẹ̀ láàárín ewé, mo mọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń wá a. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ọkọ mi ní, "Mo ń wò ó."

Mo ṣí i.